Kànga Tí Àwọn Òbí Wa Gbẹ́

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 24:62–67, Gẹ́nẹ́sísì 26:12–33
Àkọ́sórí: Gẹ́nẹ́sísì 26:18
Èrèdí ẹ̀kọ́ yìí: Kí ẹni tí baba tàbí ìyá rẹ̀ ti lọ lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó wá lọ sí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àti ohun tí kò yẹ kí ó wá níbẹ̀.

ÌFÁÀRÀ

  

Díẹ̀ ni ẹni tí òbí rẹ̀ méjèèjì ṣì wà láàyè nínú ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí òkú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, èrò a máa pọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́fọ̀. Ẹgbẹ́ a wá kọrin, ìjọ a wá gbàdúrà, a ó ra aṣọ, a ó se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti tú kánópì tán, tí àlejò gbogbo sì ti lọ sí ilé wọn, ìgbà náà gan-an ni ọ̀fọ̀ mìíràn ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pàápàá, ọkàn a máa fa ọmọ padà sí ibi tí ó gbé dàgbà: ilé tí wọ́n bí i sí, ọ̀nà odò, abẹ́ igi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀kọ, ìsọ̀ nínú ọjà, tàbí ilé míṣọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé nígbà tí baba rẹ̀ ń ṣe tíṣà. Yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò fẹ́ wí pé, "Ìyá mi, ẹ kú ilé o," kí ó tó rántí pé ẹni tí ń dáhùn kò sí mọ́.

Àwọn kan nínú wa a máa dá ara wọn lẹ́bi nítorí èyí. Wọ́n rò pé àìnígbàgbọ́ ni, pé ẹni tí ó gbà pé òbí òun wà lọ́dọ̀ Olúwa kò gbọdọ̀ tún máa lọ wo ilé àtijọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n gba ọ̀nà tí kò tọ́. Wọ́n a jókòó ti ibojì, wọ́n a máa retí kí òkú rán iṣẹ́ sí wọn, wọ́n a sì máa bi òkú ní ohun tí ó yẹ kí a bi Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Bíbélì kọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, a ó wo bí ó ti rí fún John Wesley, ẹni tí Ọlọ́run lò láti dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ní ọjọ́ tí òun náà padà sí ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ.

1. ÀGỌ́ SÁRÀ

Ẹni 127 ọdún ni Sárà nígbà tí ó kú (Gẹ́nẹ́sísì 23:1). Ẹni 90 ọdún ni nígbà tí ó bí Ísáákì, nítorí náà Ísáákì ti tó ẹni ọdún 37 nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọmọdé rárá. Bíbélì tún sọ fún wa pé ẹni 40 ọdún ni nígbà tí ó fi Rèbékà ṣe aya (Gẹ́nẹ́sísì 25:20). Bí a bá ṣírò rẹ̀, bí ọdún 3 ni ó wà láàrin ikú ìyá àti ìgbéyàwó ọmọ. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ tí Rèbékà fi dé, ọkàn Ísáákì kò tíì rí ìtùnú.

Ẹ kíyè sí ibi tí ìtùnú náà ti bá a. Inú àgọ́ ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àgọ́ Sárà ṣì wà ní ìnàró, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ibẹ̀ ni Ísáákì mú ìyàwó rẹ̀ wọ̀. Kò sọ pé, "Ibi tí ìyá mi sùn rèé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀." Ó jẹ́ kí ohùn obìnrin tún dún nínú àgọ́ náà, nígbà náà ni ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Bíbélì kò bá Ísáákì wí pé ọ̀fọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ọkùnrin ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹni tí ó bá ń sunkún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 3, kí a má ṣe sọ fún un pé kò nígbàgbọ́. Àwọn àgbà wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Rèbékà kò di Sárà, kò sì sí ẹni tí ó lè dà bí ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n àgọ́ tí a ṣí sílẹ̀ fún alààyè ni ó tu Ísáákì nínú.

2. KÀNGA ÁBÚRÁHÁMÙ

Nígbà tí ó yá, Ábúráhámù náà kú. Ìyàn mú ní ilẹ̀ náà, Ísáákì sì lọ sí Gérárì ní ilẹ̀ àwọn Fílístínì (Gẹ́nẹ́sísì 26:1). Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí i. Baba rẹ̀ ti gbé Gérárì rí (20:1), ó sì ṣe àtìpó fún ọjọ́ pípẹ́ ní ilẹ̀ àwọn Fílístínì lẹ́yìn tí wọ́n bí Ísáákì (21:34). Ilẹ̀ tí ó ti ṣe ọmọdé ni Ísáákì padà sí, baba rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ni ó bá níbẹ̀? Ó bá àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ nígbà ayé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Fílístínì ti fi erùpẹ̀ dí wọn lẹ́yìn ikú Ábúráhámù. Àwa tí a mọ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń ṣe ni mọ ohun tí kànga jẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ náà. Láìsí kànga, kò sí ẹran ọ̀sìn, kò sí oúnjẹ, kò sí ilé. Ẹni tí ó bá dí kànga rẹ, ó ń lé ọ lọ ni. Àti pé, ẹ̀yin ìyá, dídí kànga kò le. Gbígbẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ísáákì ìbá jókòó sí etí kànga baba rẹ̀ kí ó máa sunkún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tún àwọn kànga náà gbẹ́, ó sì fi orúkọ tí baba rẹ̀ sọ wọ́n pè wọ́n (ẹsẹ 18). Nǹkan méjì ni èyí. Ó dá orúkọ padà, ó sì dá omi padà. Orúkọ láìsí omi, ìtàn lásán ni. Omi láìsí orúkọ, ọmọ ti gbàgbé baba. Ísáákì fẹ́ méjèèjì.

Kò rí i ṣe láìsí wàhálà. Wọ́n bá a du kànga kan, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ẹ́sékì, èyí ni ìjà. Wọ́n tún bá a du èkejì, ó pè é ní Sítínà, èyí ni ọ̀tá. Ó kúrò níbẹ̀, ó tún gbẹ́ òmíràn, wọn kò sì bá a du ìyẹn. Ó pè é ní Réhóbótì, nítorí pé Olúwa ti fún wọn ní àyè. Lẹ́yìn náà ni ó gòkè lọ sí Beerṣéba, níbi tí Ábúráhámù ti gbin igi rí, tí ó sì ti pe orúkọ Olúwa (21:33).

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Ní òru ọjọ́ tí Ísáákì dé Beerṣéba, ta ni ó bá a sọ̀rọ̀? Kì í ṣe Ábúráhámù. Olúwa ni. Olúwa fi ara rẹ̀ hàn án gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run baba rẹ̀, ó sì ní kí ó má bẹ̀rù (26:24). Ísáákì lọ sí ibi tí baba rẹ̀ ti gbàdúrà, Ẹni tí baba rẹ̀ gbàdúrà sí ni ó bá níbẹ̀. Baba ti lọ, Ọlọ́run baba kò lọ.

3. JOHN WESLEY NÍ EPWORTH

Epworth jẹ́ ìlú kékeré kan ní Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí John Wesley sí ní 1703, nígbà tí baba rẹ̀, Samuel Wesley, ń ṣe àlùfáà ìjọ St Andrew ní ìlú náà. Ọmọ 19 ni ìyá rẹ̀, Susanna, bí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Inú ilé àlùfáà yìí ni Susanna ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Ó ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan nípa ọkàn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John.

Ní òru ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1709, ilé náà gbiná. John kò tíì pé ọmọ ọdún 6. Àwọn yòókù ti jáde kí wọ́n tó rí i lójú fèrèsé òkè. Ọkùnrin kan dúró lórí èjìká ẹnì kejì, ó fà á yọ, òrùlé sì wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Samuel pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé gbogbo ọmọ rẹ̀ 8 yè, bí ilé tilẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ baba yìí kò rọrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ ní Epworth. Àwọn kan nínú ìjọ rẹ̀ kórìíra rẹ̀, gbèsè sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní ìlú Lincoln ní 1705. Nígbà tí ó di arúgbó, ó fẹ́ kí John wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun kí òun tó kú. John kọ̀ fún un. Oxford ni ó fẹ́ dúró sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1735, Samuel sùn nínú Olúwa. Kí ó tó lọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ Charles pé ìgbàgbọ́ Kristẹni yóò sọjí ní ilẹ̀ náà dájúdájú, pé àwọn ọmọ ni yóò rí i, òun kò ní rí i. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Ilé sì bá ipò lọ, Susanna kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ọmọ àlùfáà àti ìyàwó àlùfáà tí ẹ wà láàrin wa, ẹ mọ bí èyí ti ń rí.

Ọdún 7 kọjá. Ní Sátidé ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1742, John Wesley padà dé Epworth. Ó ti di ẹni ọdún 38, oníwàásù tí àwọn kan fẹ́ràn tí àwọn mìíràn sì ń sọ lókùúta. Kò ní ilé tí yóò wọ̀ sí ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Ilé èrò ni ó lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò ní tijú láti mọ òun. Ta ni ó kọ́kọ́ wá a kàn? Obìnrin ni. Obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé baba rẹ̀ rí, pẹ̀lú àwọn obìnrin aláìní méjì tàbí mẹ́ta. John bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni ní Epworth tí ó ń fi tọkàntọkàn wá ìgbàlà. Obìnrin náà dáhùn pé òun gan-an ń wá a, àti pé òun mọ̀ pé a ti gba òun là nípa ìgbàgbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, John lọ bá àlùfáà tí ń bójú tó ìjọ náà, ó ní òun ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́, ìbáà ṣe láti wàásù tàbí láti ka àdúrà. Àlùfáà náà kọ̀. Àga ìwàásù tí baba rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò fún ọdún púpọ̀, wọn kò jẹ́ kí ó gun ún. Ní ọ̀sán, ìjọ kún àkúnya nítorí àwọn ènìyàn ti gbọ́ pé òun ni yóò wàásù, ṣùgbọ́n ìwàásù tí wọ́n gbọ́ jẹ́ èyí tí ń tako irú wọn. John kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ìsìn ti parí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dúró ní àgbàlá ìjọ, ó kéde fún àwọn tí ń jáde pé John yóò wàásù níbẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́.

Ní aago 6, èrò tí ó wá pọ̀ débi pé John gbàgbọ́ pé Epworth kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dúró lórí òkúta ibojì baba rẹ̀, lẹ́bàá ògiri ìjọ ní ìhà ìlà-oòrùn, ó sì wàásù láti inú Róòmù 14:17. Ó tún wàásù níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ 13, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 3 tí ó fi wà pẹ̀lú wọn, nítorí kò rọrùn láti pínyà. Àwọn ọlọ́kàn líle sunkún, ọ̀pọ̀ sì yí padà.

Ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ ni kí a mú lọ sílé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ìfẹ́ òun ti ṣòfò nítorí pé èso rẹ̀ kò tètè yọ. Baba òun ṣe làálàá níbẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún, èso díẹ̀ ni ó rí. Òun náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó sì dà bí ẹni pé asán ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, èso ti yọ. Nínú lẹ́tà kan lẹ́yìn náà, ó sọ pé ọjọ́ 3 tí òun fi wàásù lórí ibojì baba òun ṣe àwọn ènìyàn náà láǹfààní ju ọdún 3 tí òun fi wàásù lórí àga baba òun lọ.

Ní 1842, tí ó pé 100 ọdún lẹ́yìn èyí, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn tí ó ránṣẹ́ pè é ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn náà ń padà bọ̀ sí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n rí i pé kò tó kí àwọn kàn padà wá wo ilé. Wọ́n fẹ́ kí Ìhìnrere tí àwọn rí gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Báyìí ni omi náà ṣe ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa.

4. OHUN TÍ A RÍ KỌ́

(a) Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílọ. Ísáákì lọ, Wesley lọ. Bí ọkàn rẹ bá fà ọ́ sí ilé tí ìyá rẹ ti tọ́ ọ, lọ. Bí o bá lè mú ọmọ rẹ kan dání, mú un. Fi ibi tí ààrò wà hàn án, fi ibi tí baba rẹ ń kúnlẹ̀ sí hàn án. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

(b) Má ṣe wá ohùn òkú. Ẹni tí omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbi ibojì, tí ó sì pe orúkọ ìyá rẹ̀ nínú ẹkún, kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run kọ̀ ni kí a máa wádìí lọ́wọ́ òkú (Deuteronómì 18:10–12, Àìsáyà 8:19). Ẹ wo Wesley: orí ibojì baba rẹ̀ ni ó dúró sí, ṣùgbọ́n àwọn alààyè ni ó kọjú sí, Ọlọ́run ni ó sì ń ké pè.

(c) Ilẹ̀kùn lè tì mọ́ ọ. O lè débẹ̀ kí o bá ayálégbé nínú yàrá ìyá rẹ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ta ilé, tàbí kí àwọn ọmọ bàbá máa du ilẹ̀ débi pé a kò lè jókòó pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni Ẹ́sékì àti Sítínà ti wọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin baba. Ẹ̀tọ́ ni kí o béèrè ohun tí ó jẹ́ tìrẹ, kí o sì gba ọ̀nà tí ó tọ́ béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ilé tí baba fi ìfẹ́ kọ́ sọ ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ di ọ̀tá ara yín. Wọn kò fún Wesley ní àga ìwàásù, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dúró sí. Réhóbótì wà níwájú.

(d) Béèrè orúkọ kànga náà. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ òbí rẹ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wá wọn lọ. Bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ mọ̀ nípa ìyá mi tí èmi kò mọ̀?" O lè gbọ́ pé ó ń bọ́ ọmọ aláìlóbìí kan ní ìkọ̀kọ̀, tàbí pé òun ni ó ń lu agogo àdúrà òwúrọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa: oríkì wa. Àṣàkẹ́, Àbẹ̀ní, Àjíkẹ́, ọdún mélòó ni ẹnikẹ́ni ti fi oríkì rẹ jí ọ? Ẹni tí ń kì wá ti lọ, ẹnu sì pa mọ́. Kọ oríkì náà sílẹ̀. Máa fi ki àwọn ọmọ rẹ àti ọmọ-ọmọ rẹ. Kànga kan nìyẹn tí kò yẹ kí erùpẹ̀ dí.

(e) Gbẹ́ ẹ kí omi lè jáde. Mú ohun rere kan ṣoṣo tí òbí rẹ ń ṣe, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí ó bá jẹ́ àdúrà ìdílé ni, tún un gbé kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abẹ̀wò sí àwọn aláìsàn ni, lọ. Owó tí a fi ń ra aṣọ ìrántí lọ́dọọdún lè san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní àdúgbò tí ìyá rẹ gbé. Ẹni tí ó bá mu omi yóò mọ̀ pé ẹnì kan gbẹ́ kànga.

5. BÍ A KÒ BÁ LÈ PADÀ MỌ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ilé wa ti wó, ọ̀nà jìn, èmi kò lágbára ìrìn mọ́." Ẹ jẹ́ kí a wo Susanna. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀n ní ìgbà òtútù tí ó parí ọdún 1711 tí ó sì wọ 1712, ó ń ṣe àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 200. Lẹ́yìn 1735, ilé yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ilé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé, títí ó fi dé Foundery ní Lọ́ńdọ̀n, ilé tí John sọ di ilé ìsìn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1742, kò tó oṣù 2 lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ dúró lórí ibojì Samuel. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé gbàrà tí òun bá lọ, kí wọ́n kọ orin ìyìn sí Ọlọ́run. Wọ́n sì kọ ọ́.

Ilé Epworth kò tẹ̀lé Susanna lọ, ṣùgbọ́n àdúrà tí ó gbà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìwọ náà, bí o kò bá lè dé ibẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ níbi tí o wà.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé arábìnrin wa tí kò rí kànga kankan bá. Òbí mìíràn fi ìbànújẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Òmíràn kọ ọmọ sílẹ̀ ní kékeré. Kí a má ṣe fi agbára mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti máa yin ohun tí kò rí. Kí ó ka Orin Dáfídì 27:10, kí ó mọ̀ pé Olúwa ń tẹ́wọ́ gba ẹni tí baba àti ìyá kọ̀. Òun náà lè gbẹ́ kànga tuntun, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí ibi padà sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ibo ni ọkàn rẹ máa ń fà sí nígbà tí o bá rántí baba tàbí ìyá rẹ? Kí ni o ń wá níbẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin rírántí òkú àti wíwádìí lọ́wọ́ òkú?
3. Kí ni ìdí tí Ísáákì fi lo orúkọ tí baba rẹ̀ lò fún àwọn kànga, nígbà tí ó lè sọ wọ́n ní orúkọ tuntun?
4. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè dúró ti ọlọ́fọ̀ lẹ́yìn tí ìsìnkú bá ti kọjá ní ọdún kan sí mẹ́ta?
5. Bí àwọn ọmọ wa bá padà wá sí ilé wa lẹ́yìn tí a bá ti lọ, irú kànga wo ni wọn yóò bá?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ó tó di ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù kọ oríkì rẹ̀ àti ohun rere kan tí òbí rẹ̀ ń ṣe sínú ìwé. Kí ẹni tí kò mọ̀wé kọ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá a kọ ọ́. Kí a sì yan ọlọ́fọ̀ kan tí ìsìnkú òbí rẹ̀ ti lé ní ọdún kan, kí a lọ kí i, kí a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ nípa wọn títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run àwọn baba àti ìyá wa, a dúpẹ́ fún àwọn tí ó tọ́ wa, tí wọ́n sì ti sinmi. Tu àwọn tí ọ̀fọ̀ wọn ṣì tutù nínú. Bá wa pàdé ní ibi tí àwọn òbí wa ti pè ọ́. Pa ìjà inú ẹbí wa run. Fún wa ní agbára láti tún àwọn kànga wọn gbẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè rí omi mu, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.